Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ará Ìlú: Ta Ni Yóò Sọ̀rọ̀, Ta Ni Yóò Gbọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé òótọ́ kọ́ ni òwe yìí. Síbẹ̀, bí a bá wo àárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn ará ìlú tí iṣẹ́ ìwádìí wọn kàn gbọ̀ngbọ̀n, a ó rí i pé ògiri kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọgbọ́n ìhín kọjá sí ọ̀hún. Ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bi ara wọn ni pé: kí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn rò nípa bíbá ará ìlú sọ̀rọ̀? Ṣé apá kan iṣẹ́ wọn ni, àbí iṣẹ́ ẹlòmíràn? Bí wọ́n bá sì jáde lọ, ṣé wọ́n ń lọ kọ́ni nìkan ni, àbí wọ́n ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú?

Ìlú Ìbàdàn ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò náà, nítorí pé ìlú ìwádìí ni. Níbẹ̀ ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948. Níbẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí ti fọhùn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Níbẹ̀ náà ni a dá IITA, ilé-iṣẹ́ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, sílẹ̀ sí ní ọdún 1967. Bí ènìyàn bá sì dúró ní oríta Challenge, ní apá gúúsù ìlú náà, yóò rí bí ìwé àti iṣẹ́ oòjọ́ ti pàdé ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé lára ilé ìtàwé kan tí ń jẹ́ Challenge Bookshop ni àdúgbò náà ti gba orúkọ. Awakọ̀, mẹkáníìkì, oníṣòwò àti olóògùn ni wọ́n kún ibẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ti gba Odò-Ọnà Ẹlẹ́wé kọjá lọ sí Ìdí-Ayùnrẹ́, níbi tí CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, fìdí kalẹ̀ sí. Ọ̀nà kan náà ni àgbẹ̀ tí ń gbé kòkó bọ̀ wá sí ìlú àti onímọ̀ tí ń lọ sí yàrá ìwádìí ń tọ̀. Ṣùgbọ́n kíkọjá lára ẹni lójú ọ̀nà kì í ṣe ìjíròrò.

Ẹ̀kọ́ tí igi kòkó kọ́ni

Ìtàn àrùn kòkó ni ó fi ọ̀ràn yìí hàn gedegbe jù lọ. Ní ọdún 1936 ni a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, pé ẹ̀ka àti gbòǹgbò àwọn igi kòkó kan ń wú, ewé wọn ń pàwọ̀ dà, èso wọn ń dín kù, títí igi náà yóò fi kú. Láàárín ọdún mélòó kan, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ A. F. Posnette fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ni ó fa àrùn náà. Kòkòrò kékeré kan, tí ara rẹ̀ funfun bí ohun tí a da ìyẹ̀fun lé, ni í gbé e láti igi dé igi bí ó ti ń fa omi ara igi mu. Ní ọdún 1944, a rí àrùn náà ní ẹkùn kòkó ti Nàìjíríà pẹ̀lú, agbègbè Ìbàdàn sì wà lára ibi tí ó ti jà.

Ohun tí àwọn onímọ̀ mọ̀ dájú ni pé igi tí àrùn yìí bá ti wọ̀ kò ní ìwòsàn. Wọ́n tún mọ̀ pé àrùn náà lè fara pamọ́ sínú igi fún ìgbà pípẹ́ kí àmì kankan tó hàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí a gé igi tó ń ṣàìsàn àti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ara àwọn wọ̀nyí ṣì ń dán. Ìmọ̀ràn náà bá ẹ̀rí mu.

Ó yẹ kí á wo ohun tí àgbẹ̀ rí. Àwọn àjèjì wọ oko pẹ̀lú àáké àti àdá, wọ́n sì ń gé igi tí èso wà lórí rẹ̀. Baba àgbẹ̀ lè ti gbin igi náà. Owó ilé-ìwé ọmọ lè wà lára rẹ̀. Àwọn mìíràn ti fi oko náà dógò nítorí gbèsè. Igi tuntun kò sì ní so kí ọdún mélòó kan tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni igi tí àrùn wà lára rẹ̀ kì í kú lọ́jọ́ kan. Ó lè so díẹ̀ sí i kí ó tó lọ. Àgbẹ̀ tó ní kí wọ́n fi igi òun sílẹ̀ kì í ṣe òpè. Ìṣirò ni ó ṣe. Ohun tí ó ṣírò lé lórí ni oúnjẹ ọdún yìí. Ohun tí onímọ̀ ṣírò lé lórí ni oko gbogbo àdúgbò ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ìṣirò méjèèjì ni ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tẹ́ wọn síwájú ara wọn.

Ohun tó tẹ̀lé e ti wọ inú ìtàn. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní oṣù kejì ọdún 1948, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán láti wá ìdí rẹ̀ ka gígé igi kòkó mọ́ àwọn ohun tó bí àwọn ènìyàn nínú. Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti òkè òkun wá yẹ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìjọba wò, wọ́n sì jẹ́rìí pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀rí náà kò pa ìbínú àgbẹ̀. Ní Ìbàdàn, Ẹgbẹ́ Máyégún, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, gbógun ti gígé igi. Nígbà tí ó sì di ọdún 1954, ẹgbẹ́ náà wà lára àwọn tí Adégòkè Adélabú gbára lé nínú ìṣèlú ìlú. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá parí sí ẹnu àpótí ìbò. Òótọ́ tí a kò jíròrò lé lórí ti di ọ̀rọ̀ agbára.

Ojú mẹ́ta tí onímọ̀ fi ń wo ará ìlú

Bí a bá fetí sí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní ilẹ̀ òkèèrè, ojú mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi wo ọ̀ràn yìí.

Ojú kìn-ín-ní ni ti àwọn tó gbà pé ibi ìwádìí ni ipò onímọ̀. Kí akọ̀ròyìn, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn gbé èsì rẹ̀ jáde. Kò yẹ kí á fi ìgbéraga nìkan kà á sí wọn lọ́rùn. Wọ́n ní ìdí. Àkókò kò tó: kíláàsì wà láti kọ́, ìwé àkẹ́kọ̀ọ́ wà láti kà, ìwádìí wà láti parí. Ìwé tí onímọ̀ tẹ̀ jáde fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni a sábà máa ń kà kí a tó gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó bá àwọn àgbẹ̀ sọ. Ẹ̀rù àṣìsọ tún wà. Bí onímọ̀ bá sọ pé oògùn kan ṣiṣẹ́ lára eku nínú yàrá ìwádìí, ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì lè kọ ọ́ pé a ti rí oògùn àrùn náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Nígbà tí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bi àwọn onímọ̀ 1,485 léèrè ọ̀rọ̀ ní ọdún 2006, 64 nínú 100 ni ó sọ pé iṣẹ́ ìwádìí ni kò jẹ́ kí àwọn ráyè fún ará ìlú tó bí ó ti yẹ. Ìdá kan nínú márùn-ún sì gbà pé àwọn onímọ̀ yòókù kì í fi bẹ́ẹ̀ bu ọlá fún ẹni tí ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe àlá lásán. Carl Sagan, onímọ̀ nípa ojú ọ̀run ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n jù lọ nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí a dá orúkọ rẹ̀ ní ọdún 1992 fún ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀, wọn kò dìbò gbà á wọlé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ kan náà fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe fún ará ìlú.

Ìtàn ẹ̀gẹ́ lè dà bí ẹni pé ó gbè sẹ́yìn àwọn tó di ojú kìn-ín-ní yìí mú. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, kòkòrò kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà, ó sì ń run ẹ̀gẹ́ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Àwọn onímọ̀ ní IITA ní Ìbàdàn, tí Hans Herren ṣíwájú wọn, ṣètò wíwá ọ̀tá rẹ̀. A rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay tí í yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà. Ní ọdún 1981, a bẹ̀rẹ̀ sí tú agbọ́n yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Agbọ́n náà tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì sọjí. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ náà ní ọdún 1995. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó jàǹfààní láìmọ̀ pé ẹnì kan ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n irú ìgbàlà bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Agbọ́n kò béèrè pé kí àgbẹ̀ pàdánù igi kan, kí ó yí àṣà rẹ̀ padà, tàbí kí ó gbé ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Níbi tí ìwádìí bá ti ní kí ará ìlú fi nǹkan sílẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ojú kejì ni ti àwọn tó gbà pé ó yẹ kí onímọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé ará ìlú kò mọ̀. Lójú wọn, orí ará ìlú dà bí korobá tó ṣófo. Bí a bá ti da ìmọ̀ sí i, ìfọkànsí yóò tẹ̀lé e. Èrò yìí lágbára nínú ìròyìn kan tí Royal Society gbé jáde ní ọdún 1985, tí ó rọ gbogbo onímọ̀ láti kọ́ bí a ti ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kà á sí ojúṣe wọn.

Òtítọ́ wà nínú èrò náà. Nígbà tí àrùn Ebola wọ ìlú Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, ọ̀rọ̀ kan tàn kálẹ̀ pé bí ènìyàn bá mu omi iyọ̀ tí ó sì fi wẹ̀, àrùn náà kò ní mú un. Àwọn kan mu ún dé ibi tí ó pa wọ́n lára. Níbẹ̀, àìmọ̀kan ni ọ̀tá, ọ̀rọ̀ kíákíá láti ẹnu dókítà sì ni oògùn rẹ̀. Ìwádìí ilé dé ilé, títọpa gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, àti àlàyé ojoojúmọ́ wà lára ohun tó jẹ́ kí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà pé Nàìjíríà ti bọ́. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 nínú wọn sì kú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iyèméjì ni àìmọ̀kan ń bí. Ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Kano dá abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró, àrùn náà sì tún tàn kálẹ̀. Àwọn tó ń fi òye ṣòfò ló pọ̀ nínú àhesọ tó gbòde nígbà náà. Síbẹ̀, àwọn òbí ní ohun kan tí wọ́n ń rántí: ìdánwò oògùn tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun kan ṣe lára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Kano ní ọdún 1996, lásìkò tí àrùn yírùnyírùn ń jà, èyí tó di ẹjọ́ ní kóòtù. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Kì í ṣe ìwé pẹlẹbẹ tí a kọ òótọ́ sí ni irú òbí bẹ́ẹ̀ ń wá. Ẹni tí òun lè gbẹ́kẹ̀ lé ni. Nígbà tí àwọn ọba, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn àti àwọn ìyá ládùúgbò bá àwọn oníṣègùn jókòó pọ̀ ni ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ìgbẹ́ ti kúrò ní Áfíríkà.

Ojú kẹta ni ti àwọn tó gbà pé ará ìlú ní ìmọ̀ tí yàrá ìwádìí kò ní, nítorí náà ìjíròrò ni ó yẹ, kì í ṣe ìwàásù. Ilẹ̀ Yorùbá ti rí àpẹẹrẹ èyí kí ó tó di ọ̀rọ̀ àsọtúnsọ ní Yúróòpù. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, ní Abẹ́òkúta. Dípò kí ó ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́ inú ọgbà, ó ṣètò kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n máa bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kì í ṣe kí ó lè fi wọ́n ṣe àfihàn, bí kò ṣe pé wọ́n mọ ohun tí aláìsàn rò pé ó ń ṣe òun. Láìsí àwọn ará abúlé, kò bá tí sí ìtọ́jú náà rárá.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà tí ó wá sí IITA ní ọdún 1971 láti wá ẹ̀gẹ́ tí àrùn kò ní lè ṣe ní nǹkan. Ẹ̀gẹ́ lè ta dáradára nínú oko ìwádìí kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ àrùn, síbẹ̀ kí àwọn obìnrin tí ń din gààrí kọ̀ ọ́ nítorí bí ó ti rí lẹ́nu àti nínú agbada. Ìmọ̀ gààrí kò sí nínú ìwé onímọ̀. Ọwọ́ aláte gààrí ni ó wà. Ẹ̀gẹ́ tuntun náà tàn kálẹ̀ nígbà tí ó tẹ́ oko àti agbada lọ́rùn. Àwọn ará Ìkirè sì fi Hahn joyè Ṣérìkí Àgbẹ̀. A kì í fi oyè dá ẹni tí kò bá ni jókòó lọ́lá.

Ó yẹ kí á ṣọ́ra níhìn-ín. Ìjíròrò kò túmọ̀ sí pé ìbò ni a ó fi mọ ohun tí í fa àrùn. Bí gbogbo àgbẹ̀ Ìbàdàn bá tilẹ̀ dìbò pé kòkòrò kì í gbé fáírọ́ọ̀sì, yóò ṣì máa gbé e. Ohun tí sáyẹ́ǹsì lè sọ ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá gé igi àti bí a kò bá gé e. Ẹni tí yóò ru àdánù rẹ̀, iye tí a ó san fún un, àti ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni èyí jẹ́. Onímọ̀ tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò gba àṣẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ará ìlú tó bá da wọ́n pọ̀ yóò kọ òótọ́ tí yóò gbà á là.

Ìṣòro èdè

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kẹ́kọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ronú nípa iṣẹ́ rẹ̀. Àrùn kòkó tún fi èyí hàn. Nínú èdè Yorùbá, kòkòrò ni à ń pe èyí tí ń fò, kòkòrò ni à ń pe èyí tí ń rákò lára ewé, kòkòrò náà ni à ń pe ohun tí ń fa àrùn tí ojú kò lè rí. Bí onímọ̀ bá sọ fún àgbẹ̀ pé kòkòrò ni ó ń pa kòkó, àgbẹ̀ yóò béèrè pé kí ló dé tí a kò fín oògùn sí i, kí igi sì yè. Ìbéèrè gidi ni. Àfi kí onímọ̀ ṣàlàyé pé nǹkan méjì ni: ọ̀kan ni ẹrù, èkejì ni alárùú, pípa alárùú kò mú ẹrù tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú igi kúrò.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ja ìjà yìí. Ní ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, nínú èyí tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn; wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Àwọn onímọ̀ èdè náà ṣe èdè-ìperí, kí ọ̀rọ̀ má bàa wọ́n olùkọ́. Ohun tí ìrírí wọn fi hàn ni pé èdè Yorùbá lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí yóò gbé e sórí èdè náà ni ó ṣọ̀wọ́n.

Ohun tó kù fún ṣíṣe

Bí àwọn yunifásítì bá fẹ́ kí onímọ̀ máa jáde sí ará ìlú, kí wọ́n kà á mọ́ iṣẹ́ tí a fi ń gbé ènìyàn ga, kí wọ́n sì kọ́ ọ bí a ti ń ṣe é. Kí onímọ̀ lọ kí àáké tó lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí igi ti wó. Kí ó sọ ohun tí ó dá a lójú àti ohun tí kò tíì dá a lójú, nítorí pé ẹni tó bá fi iyèméjì pamọ́ lónìí ni a kò ní gbà gbọ́ lọ́la. Bí ó bá sì gba ọ̀rọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú fún ìwádìí, kí ó padà wá sọ èsì fún wọn.

Ní ti olùkọ́, àárín gan-an ni ó wà. Ọmọ tí ó ń kọ́ ní ilé-ìwé lè jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́ tàbí ọmọ mẹkáníìkì ní Challenge. Bí olùkọ́ bá rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣàkíyèsí nípa àrùn igi tàbí nípa ásíìdì inú bátìrì, tí ó sì fi ìdáhùn náà kọ́ kíláàsì, ó ti fi han ọmọ náà pé ìmọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí ilé wọn. Lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ ọ̀la yóò ti jáde, kò sì ní nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí a ti ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwọ̀n ìgbà tí onímọ̀ àti ará ìlú bá gbà pé ọwọ́ àwọn méjèèjì ni ó ní ibi tí kò dé, ni ìjíròrò gidi yóò tó bẹ̀rẹ̀.